Bí ẹ ṣe lè ṣètò owó ìtọ́jú kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀, kí ó má baà tán yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà nìyí: wọ́n á sọ fún ẹbí pé kíndìnrín ẹni wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ dialysis. Ẹbí á béèrè iye tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́. Wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á yá kún un. Kò ní pẹ́ tí owó á tán, aláìsàn á wá máa fo ọjọ́ tó yẹ kó lọ, títí tí kò fi ní lè lọ mọ́. Ìfẹ́ ò wọ́n wọn. Iye ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n béèrè, nígbà tó jẹ́ pé iye ọdún kan ló yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó ta ohunkóhun.

Àwọn olùwádìí tó ṣírò ọ̀rọ̀ yìí káàkiri àgbáyé sọ lọ́dún 2015 pé, ní 2010, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 2.6 ló rí dialysis tàbí kíndìnrín tuntun gbà, àti pé ó kéré tán, mílíọ̀nù 2.28 mìíràn ló ṣeé ṣe kó ti kú torí pé ọwọ́ wọn kò tó o. Éṣíà àti Áfíríkà ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ẹbí tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun tí ẹ máa kó jọ ná

- Gbogbo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tí aláìsàn ti ṣe rí, títí kan èyí tó ti pẹ́. Creatinine ni ẹ ń wá nínú wọn, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ga bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.
- Èsì skáànù tó sọ bí kíndìnrín méjèèjì ṣe tóbi tó.
- Orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, oògùn ìbílẹ̀ àti oògùn ìrora pẹ̀lú.
- Ike tó ní àmì ìwọ̀n lára, tí ẹ ó fi máa wọn ìtọ̀, àti ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ènìyàn ṣe wúwo tó.
- Iye tó ń wọlé fún ẹbí lóṣooṣù. Mi ò sọ iye tó wà nílé tàbí ní báńkì. Èyí tó ń wọlé ni.
- Ìwé adójútòfò ìlera, bó bá wà.
- Ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tí gbogbo owó á máa gba ọwọ́ rẹ̀, tí á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ti ìkẹyìn yẹn. Bí ẹni mẹ́rin bá ń san owó láìjẹ́ pé ẹnì kan ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé owó ń lọ sí òpin títí yóò fi tán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ̀ bóyá òjijì ni tàbí ọlọ́jọ́ pípẹ́

Kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ìgbẹ́ gbuuru tó fa omi ara gbẹ lè fà á, tàbí ibà líle, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà púpọ̀ lára obìnrin nígbà ìbímọ, tàbí oògùn tó ba kíndìnrín jẹ́, tàbí ohun tó dí ọ̀nà ìtọ̀. Bí wọ́n bá tètè tọ́jú ohun tó fà á, irú èyí lè padà sípò, aláìsàn náà sì lè má nílò ju ìwọ̀nba ìfọ̀jẹ̀ lọ. Èkejì ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Tí ó bá ti dé òpin, kì í padà. Skáànù sábà máa ń fi hàn pé kíndìnrín ti sún kì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti onítọ̀ ṣúgà lè ṣì tóbi bó ṣe wà.

Owó méjèèjì kò jọra rárá. Bó bá jẹ́ òjijì, ẹ yá owó, ẹ ta ohun tó ṣeé tà, ẹ sáré, torí ìnáwó tó sábà máa ń ní òpin ni. Bó bá jẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, owó àdájọ ẹ̀ẹ̀kan kò lè gbé e. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù, tàbí ètò tí ẹlòmíì ń san, ló lè gbé e.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: Àwọn kan á gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé “bí wọ́n bá ti gbé ènìyàn sórí ẹ̀rọ, títí láé ni,” wọ́n á sì gbé aláìsàn tí kíndìnrín rẹ̀ ì bá padà sípò lọ sílé. Èyí dùn mí ju gbogbo àṣìṣe tó kù lọ, torí ẹni tó ṣeé wò sàn ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ìtọ̀ ló dí, rọ́bà tí wọ́n fi tú u lè jẹ́ kí ẹ má nílò ẹ̀rọ rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ ti parí ìgbésẹ̀ yìí bí dókítà bá ti sọ fún yín ohun tó fà á, ohun tí skáànù fi hàn, àti bóyá ìrètí wà pé yóò padà. Bí ó bá ní òun ò tíì mọ̀, ẹ béèrè àyẹ̀wò tí yóò jẹ́ kó mọ̀ àti ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ béèrè bóyá ó ti yẹ kí dialysis bẹ̀rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí kan àwọn tí tiwọn jẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìkan. Àwọn dókítà ní Ọsirélíà àti New Zealand pín aláìsàn 828 sí ọ̀nà méjì: apá kan tètè bẹ̀rẹ̀ dialysis, apá kejì dúró. Èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn tó dúró fi nǹkan bí oṣù márùn-ún ààbọ̀ pẹ́ ju àwọn tó kù lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, iye tó kú nínú wọn kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó yára. Fún ẹbí tó ń fi owó ara rẹ̀ san, oṣù márùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kò sí ìdúró fún ẹni tí omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí kò lè mí dáadáa, tàbí ẹni tí potásíọ̀mù (èròjà kan tó ń ti inú oúnjẹ wá) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, tàbí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń sùn ṣáá, tí gìrì ń gbé, tàbí tí èébì kò jẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni ti irú wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: Àwọn kan ń sá fún ilé ìwòsàn, wọ́n á ní àwọn ń dúró. Ẹni tó ń dúró gbọ́dọ̀ máa rí dókítà déédéé, kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Àsìkò yìí náà ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, torí àìsàn yẹn máa ń ràn níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ọjọ́ tí ẹ ó tún rí dókítà ti wà lórí ìwé, gbogbo ará ilé sì mọ àwọn àmì tó wà lókè yìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò ọdún kan

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ni ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 156 lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jẹ́ 104. Ẹ kọ èyí tí dókítà bá yàn fún yín sílẹ̀, kí ẹ wá lọ bá ẹni tó ń gba owó níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí ẹ ní kó sọ gbogbo ohun tí kò sí nínú iye tó dá fún yín.

Ohun tó sábà máa ń yọ sílẹ̀ nìyí: àsẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá àti àwọn rọ́bà rẹ̀, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, abẹ́rẹ́ erythropoietin tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń fi èròjà irin kún ara, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oṣooṣù, àyẹ̀wò hepatitis àti HIV, rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ọrùn. Lẹ́yìn náà ni ti ilé: owó ọkọ̀ ẹni méjì ní àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ ẹni tó sìn ín lọ, àti owó iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì kò lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn, torí kì í ṣe gbogbo ọdún ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní owó tí wọ́n pè ní ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ 100, ọkọ̀ àti oúnjẹ jẹ́ 20, abẹ́rẹ́ àti oògùn jẹ́ 30, tí àyẹ̀wò bá sì jẹ́ 10 bí ẹ bá pín in sórí ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ti di 160. Ẹni tó fi 100 ṣírò á rò pé 15,600 ni òun máa ná lọ́dún. Ohun tó máa ná gan-an ni 24,960. Ìyàtọ̀ 9,360 yẹn ló ń dá ẹbí dúró lójijì nígbà tí wọ́n rò pé ọdún ṣì kù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ pín iye ọdún náà sí 12. Bí ó bá ju ohun tó ń wọlé tó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ àti ilé, ẹ ò tíì ní ètò, iyekíye tó wù kó wà ní báńkì. Ẹ máa bá ìgbésẹ̀ tó kù lọ kí ẹ tó ta ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tètè ṣe fístúlà

Bí ẹ bá ní owó iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́, èyí ni kí ẹ fi ṣe. Fístúlà jẹ́ iṣẹ́ abẹ kékeré ní apá, níbi tí wọ́n ti so òpó ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn dáadáa fún abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mélòó kan kó tó gbó tó láti lò, ṣùgbọ́n ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Rọ́bà ọrùn tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ nígbà pàjáwìrì yàtọ̀ sí i. Kòkòrò àìsàn máa ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, bó bá sì ti wọlé, owó ibùsùn, owó oògùn apakòkòrò àti owó rọ́bà tuntun tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi owó fístúlà pamọ́ fi ń ná ju owó rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ pé kíndìnrín ń lọ, ẹ dá apá tí aláìsàn kì í sábà lò sí. Kí ẹnikẹ́ni má fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má gún un ní abẹ́rẹ́ omi. Ẹ máa sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kò ní bínú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó má fi apá náà gbé ẹrù wúwo, kí ó má sùn lé e, kí wọ́n má sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ní àràárọ̀, ẹ gbé ìka lé ojú fístúlà. Ó gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá dúró dọ̀la, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dín owó kù níbi tí kò ti ní pa á lára

Níbi tí owó ti ṣòro, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó ṣì ń tọ̀ dáadáa, dókítà lè fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ike ìwọ̀n fi wà lókè. Ẹ gba gbogbo ìtọ̀ wákàtí 24 jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìtọ̀ tó kù yẹn jẹ́ owó. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni ẹ̀ẹ̀mejì ṣe máa pẹ́ tó. Kí ó má baà tètè gbẹ, kí aláìsàn yẹra fún oògùn ìrora bíi ibuprofen, diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kí ó má sì lo oògùn ìbílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá oògùn tó ń mú kí ènìyàn tọ̀, bíi furosemide, yẹ ẹ́. Kì í sábà wọ́n.

Iyọ̀ ni ohun kejì. Ẹni tó bá jẹ iyọ̀ púpọ̀ á mu omi púpọ̀, omi náà á sì dúró sára títí ọjọ́ ẹ̀rọ. Ẹ bá ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí potásíọ̀mù pọ̀ nínú wọn, torí potásíọ̀mù lè dá ọkàn dúró láìsí àmì kankan tẹ́lẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: Fífo ọjọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àlàfo tó gùn jù láàárín ìfọ̀jẹ̀ méjì ni ikú máa ń pọ̀ sí, kódà fún àwọn tó ń lọ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí owó ọ̀sẹ̀ yìí kò bá pé, ẹ pe dókítà ṣáájú ọjọ́ náà kí ó tún oògùn àti omi mímu tò. Bí wọ́n bá ní àwọn ń fọ àsẹ́ láti tún un lò kí owó lè dínkù, ó ṣeé gbà bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, tí orúkọ aláìsàn wà lára rẹ̀, tí wọn kò sì lò ó fún ẹlòmíì láé. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ náà hàn yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ìwọ̀n ara rẹ̀ kò fò sókè púpọ̀ láàárín ìfọ̀jẹ̀ méjì, kò húkọ́ lóru nítorí omi, potásíọ̀mù rẹ̀ sì wà níbi tí dókítà fẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ béèrè nípa fífọ ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn

Nínú irú dialysis yìí, rọ́bà kan wà ní ikùn, aláìsàn á máa da omi oògùn sínú, á tún máa fà á jáde fúnra rẹ̀ nílé, bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kò sí owó ọkọ̀ ojoojúmọ́, kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Thailand fi í ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera ìjọba rẹ̀ láti 2008, kí wọ́n tó jẹ́ kí aláìsàn máa yàn fúnra rẹ̀ ní 2022. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń kó omi oògùn náà wọlé láti òkè òkun, ó lè wọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Lítà mẹ́jọ lójúmọ́ tó nǹkan bí 240 lóṣù, ẹ sì nílò ibi mímọ́ tí ẹ ó tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ mọ iye omi oṣù kan, ẹ sì ti béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ó bá wọ́n lọ́jà. Bí wọn kò bá ní ìdáhùn, ẹ má yí sí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá ẹni tó máa bá yín san

India bẹ̀rẹ̀ ètò dialysis ọ̀fẹ́ fún àwọn tálákà ní ilé ìwòsàn àgbègbè ní 2016. Ní Karachi, ní Pakistan, ilé ìwòsàn SIUT ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pààrọ̀ kíndìnrín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbà pé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín títí ẹ ó fi béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù ní agbègbè yín. Ìbéèrè tó yẹ ni: ta ni ètò yìí ń gbà? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń san? Ta ló ń san ohun tó kù? Adójútòfò kan lè san ìwọ̀nba ìgbà kó sì dáwọ́ dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ètò ìjọba máa ń ní òfin nípa ẹni tó yẹ. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan dé ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní 1997, ilé ẹjọ́ sì dá a pé ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ààyè tó kéré fún àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n rí kíndìnrín tuntun gbà. Níbi tí òfin bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó lè ṣàǹfààní bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò pípààrọ̀ kíndìnrín. Ẹ má dúró kí owó tán kí ẹ tó béèrè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ ní nọ́ńbà ìwé ìbéèrè yín, orúkọ ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ṣírò pípààrọ̀ kíndìnrín

Owó iṣẹ́ abẹ ga, ọdún àkọ́kọ́ ló sì wọ́n jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó oṣooṣù lẹ́yìn ìyẹn kéré sí ti dialysis, aláìsàn sì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Àyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín tọrẹ náà wà nínú owó yín: irú ẹ̀jẹ̀, bí ara àwọn méjèèjì ṣe bá ara mu, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ìtọ̀, skáànù, àti ìsinmi rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe, tí ó sì burú jù: Wọ́n á kó owó iṣẹ́ abẹ jọ, wọn ò ní kó ti oògùn jọ. Oògùn tí kò jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun, bíi tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, kò ní òpin títí kíndìnrín náà fi wà. Bí aláìsàn bá dá oògùn náà dúró, ara á kọ kíndìnrín náà, gbogbo owó náà á sì ṣòfò, ti ẹni tó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ra kíndìnrín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkéde Istanbul ti 2008, tí àwọn oníṣègùn láti onírúurú orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, dẹ́bi fún òwò yìí, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kà á sí ọ̀ràn, tálákà ló sì ń fara gbá a. Ẹ tún ṣọ́ra fún gbígba ẹ̀jẹ̀ léraléra kí ó tó di àsìkò náà, torí ó lè mú kí ara kọ kíndìnrín tuntun. Ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lè dípò rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ mọ orísun owó oògùn lóṣooṣù, ilé oògùn méjì ni ẹ sì ti béèrè iye rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí owó kò bá ní tó

Ẹ sọ ọ́ jáde nígbà tí aláìsàn ṣì lè gbọ́ kó sì fèsì. Ìtọ́jú wà tí kò ní ẹ̀rọ nínú: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tó ń fa omi jáde lára, oògùn èébì àti ti ara yíyún, àti oògùn tó ń dín ìrora kù. Dókítà ni kí ó yan oògùn ìrora náà, torí morphine máa ń kó jọ sára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ọkàn tàbí àìlera mìíràn ti wọ̀ lára lè yan èyí fúnra wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìpatì. Ohun tó jẹ́ ìpatì ni kí ẹ gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ kí ẹ má sì fún un ní nǹkan kan rọ́pò.

Bí ẹ bá ṣe ń jíròrò yìí, kí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti ọmọ rẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ìtọ̀ wọn wò ní ọ̀sẹ̀ náà. Owó rẹ̀ kéré, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ẹni tó lè fi kíndìnrín tọrẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Aláìsàn fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó fẹ́, dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì, ẹbí sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n máa pè lóru bí mímí bá ṣòro.